Iyán àti Ọkàn: Ǹjẹ́ Oúnjẹ Àyànfẹ́ Ará Èkìtì Lè Ṣe Ọkàn Lóore?

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ nínú ilé àti ní ilé ìwòsàn ní gúúsù Èkìtì: ṣé ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí tí kò fẹ́ kí ó ṣe òun, gbọ́dọ̀ fi iyán sílẹ̀ pátápátá? A tú iyán àti ọbẹ̀ rẹ̀ palẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a wo ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ nípa wọn, a sì wo àyípadà tí ó ti dé bá ìgbé ayé àwọn tí ń jẹ ẹ́. Àbájáde wa ni pé iyán fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá ọkàn. Ìwọ̀n òkèlè, iyọ̀ àti epo inú ọbẹ̀, pẹ̀lú àìlo-ara tó, ni ó yẹ kí a bá wíjọ́. A fi hàn pẹ̀lú pé olùkọ́ Yorùbá ní iṣẹ́ pàtàkì láti ṣe nínú ọ̀rọ̀ náà.

1.0 Ìfáárà

Tọmọdé tàgbà ni ó mọ̀ pé iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ, kí ẹnu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ní ilẹ̀ Èkìtì, a kò ka òwe yìí sí àwàdà. Ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀rùn àti ní Emùré, uyán ni ẹnu ìbílẹ̀ ń pè é, àlejò tí a kò bá sì gún un fún kò tíì jẹun. Bí a bá ń sọmọ lórúkọ, bí a bá ń gbéyàwó, bí a bá ń ṣe òkú àgbà, ìró ọmọ odó ni yóò kọ́kọ́ sọ fún aládùúgbò pé ìnáwó ń bẹ. Bí àgbẹ̀ bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, ìró kan náà ni ó ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Irú oúnjẹ báyìí ni a ó máa pè ní oúnjẹ ìfọ̀kànbalẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí: oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ kì í ṣe nítorí ebi nìkan, bí kò ṣe nítorí pé ó ń mú un rántí ilé, ìyá rẹ̀ àti àlàáfíà.

Ṣùgbọ́n ní àkókò tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ mìíràn ti wọ inú ọ̀rọ̀ iyán. Àgbàlagbà yóò lọ sí ilé ìwòsàn, wọn yóò wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọn yóò ní ó ti ga jù. Nọ́ọ̀sì yóò ní, "Bàbá, ẹ fi iyán sílẹ̀ o." Bàbá yóò ní òun ti gbọ́. Ọ̀kan nínú ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń tẹ̀ lé e. Bàbá lè máa yọ́ iyán jẹ pẹ̀lú ìbẹ̀rù. Ó lè fi iyán sílẹ̀, kí ó sì fi búrẹ́dì rọ́pò rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, láìmọ̀ pé iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì. Tàbí kí ó sọ pé ayé tí kò sí iyán níbẹ̀ kò yẹ ní gbígbé, kí ó má sì padà sí ilé ìwòsàn mọ́. Oògùn rẹ̀ yóò tán, kò ní rà á mọ́. Ẹ̀kẹta yìí ni ó burú jù, nítorí pé òun ni ó sábà máa ń parí sí àrùn rọpárọsẹ̀.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí tó bẹ́ẹ̀ nìyí. Ìmọ̀ràn tí a kò là yé ènìyàn lè pa á lára ju oúnjẹ tí a ní kí ó fi sílẹ̀ lọ. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè gan-an pé kí ni ó wà nínú iyán, kí ni ó wà nínú ọbẹ̀, èwo sì ni ọkàn ń fẹ́, èwo ni kò fẹ́.

2.0 Ọkàn inú Èdè àti Ọkàn inú Àyà

Ẹrù méjì ni ọ̀rọ̀ náà "ọkàn" rù ní èdè Yorùbá. Èkínní ni ẹ̀yà ara tí ó wà nínú àyà, tí ó ń ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Èkejì ni ibi tí èrò, ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù ń gbé. Bí a bá ní "ọkàn mi balẹ̀", "ọkàn rẹ̀ bàjẹ́", tàbí "mo fọkàn tán an", èkejì ni à ń sọ. Bí dókítà bá ní "ọkàn yín ń ṣe iṣẹ́ àṣejù", èkínní ni ó ní lọ́kàn. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tí ó wà lórí iṣẹ́ yìí fi ní ojú méjì. Pé iyán ń fi ọkàn balẹ̀, kò sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀ ní Èkìtì. Ohun tí ó kù ni láti mọ̀ bóyá ohun tí ó fi ọkàn èrò balẹ̀ lè ṣe ọkàn inú àyà lóore bákan náà.

Orúkọ àìsàn náà tún ní ohun tí ó ń kọ́ wa. "Ẹ̀jẹ̀ ríru" ni a ń pè é. Ohun tí ó bá ń ru, a máa ń rí i tàbí kí a gbọ́ ọ: òkun a máa ru, ìbínú a máa ru sókè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ yìí lè rò pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n lára, pé orí yóò máa fọ́ ọ tàbí pé àyà yóò máa lù ú kì-kì-kì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí à ń wọ̀n ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan tí ó ń gbà kọjá. Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 140 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a sì rí i bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹni náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko. Ọ̀pọ̀ ọdún ni agbára yìí lè fi máa ba iṣan jẹ́ láìsí ìrora kankan. Ọkàn tí ń ti ẹ̀jẹ̀ lòdì sí agbára náà yóò máa ki sí i, yóò sì máa rẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bí iṣan ọpọlọ bá dí tàbí tí ó bẹ́, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn.

Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ní ọdún 2015, Davies Adeloye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àkójọ àwọn ìwádìí lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ní ilẹ̀ Nàìjíríà jáde. Wọ́n ṣírò pé nǹkan bí 28.9 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà ni ó ní in: 30.6 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìlú ńlá, 26.4 ní ìgbèríko. Nínú àwọn tí ó ní in, 17.4 péré nínú ọgọ́rùn-ún ni ó mọ̀ pé òun ní in. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ìgbèríko kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ìlú ńlá. Ẹni tí ó ń gbé lábúlé lẹ́yìn Emùré kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé àìsàn àwọn ará Èkó ni.

3.0 Kí ni ó Wà Nínú Iyán?

Ilẹ̀ Nàìjíríà ni ó ń pèsè iṣu jù lọ ní gbogbo àgbáyé. Ohun tí a ń wà nínú ilẹ̀ wa ju ìdajì iṣu àgbáyé lọ. Bí a bá sè gíráàmù 100 iṣu, a ó rí nǹkan bí kálórì 116 nínú rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀ jẹ́ sítáàṣì. Ó ní nǹkan bí gíráàmù 4 okùn inú oúnjẹ, ìyẹn èyí tí kì í dà, tí ó ń ran ìfun lọ́wọ́. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó gíráàmù kan. Pọtásíọ̀mù inú rẹ̀ tó miligíráàmù 670, ṣùgbọ́n sódíọ̀mù, tí í ṣe ohun tí ó ń ba ni lẹ́rù nínú iyọ̀, kò ju miligíráàmù 8 lọ.

Ẹ jẹ́ kí a tún àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí sọ ní ọ̀rọ̀ ilé. Ìyá tí ó ń gún iyán kì í fi iyọ̀ sè iṣu rẹ̀. Nítorí náà, òkèlè iyán kò ní iyọ̀ tí ó tó nǹkan. Búrẹ́dì kò rí bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ ti wà nínú rẹ̀ kí a tó fi ohunkóhun pa á lára. Pọtásíọ̀mù ní tirẹ̀ ń ran kíndìnrín lọ́wọ́ láti da sódíọ̀mù nù sínú ìtọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ògiri iṣan dẹ̀. Ní ọdún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé dá a lábàá pé kí àgbàlagbà máa jẹ pọtásíọ̀mù tí ó tó miligíráàmù 3510 lójúmọ́, kí iyọ̀ rẹ̀ má sì tó gíráàmù 5. Iṣu wà lára àwọn oúnjẹ wa tí ó ń pèsè pọtásíọ̀mù yìí. Bí a bá ń sè é, díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń yọ́ sínú omi. Àṣà àwọn ìyá wa, tí wọ́n máa ń fi omi iṣu rọ iyán nínú odó bí ó bá le jù, ń dá díẹ̀ padà nínú ohun tí ó ti yọ́ lọ.

Ní ìhà yìí, a lè sọ pé iyán kò jẹ ọkàn ní gbèsè. Ṣùgbọ́n ìhà kejì wà. Sítáàṣì ni iyán, gígún sì ń jẹ́ kí ó tètè dà nínú ikùn, kí ó sì di ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Ó sì rọrùn láti jẹ ẹ́ jù, nítorí pé a kì í jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹni jẹ àgbàdo; gbígbé ni a ń gbé e mì. Àwo iyán tí ó wúwo tó gíráàmù 500 ti ní nǹkan bí kálórì 580 kí ọbẹ̀ tó kàn án. Èyí tí ó tó gíráàmù 800, tí ó ń yọ orí lókè àwo bí òkè Ọlọ́sùnta, yóò súnmọ́ kálórì 930. Bí ẹni tí ń jẹ ẹ́ bá nílò nǹkan bí 2000 péré ní ọjọ́ kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ìdajì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tí ara kò bá lò, ọ̀rá ni yóò sọ ọ́ dà. Ọ̀rá tí ó bá sì kó sí ikùn a máa gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé òkèlè ńlá yóò gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sókè lójijì.

Àwọn kan gbà pé bí wọ́n bá ti fi ìyẹ̀fun wíìtì tàbí ẹ̀lùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rọ́pò iyán, ọ̀rọ̀ ti parí. Òkèlè wíìtì ràbàtà, òkèlè náà ni. Ìwọ̀n ni kí a kọ́kọ́ wò, kí a tó wo orúkọ.

4.0 Inú Ọbẹ̀ ni Ọ̀ràn Wà

Kò sí ẹni tí ń jẹ iyán lásán. Bí a bá ń dá iyán lẹ́jọ́, tí a kò pe ọbẹ̀ wá síbi ẹjọ́ náà, a kò ṣe ìdájọ́ òdodo.

4.1 Iyọ̀ àti Mágí

Gíráàmù 5 iyọ̀ kò ju ẹ̀kún ṣíbí kékeré tí a fi ń po tíì lọ. Ìwọ̀n ọjọ́ kan nìyẹn, kì í ṣe ti oúnjẹ kan. Ní ti mágí, nǹkan bí ìdajì ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ ni iyọ̀. Hóró kan tí ó wúwo tó gíráàmù 4 yóò ní nǹkan bí gíráàmù 2 iyọ̀ nínú. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò ìkòkò kan. Ìyá kan se ọbẹ̀ fún ènìyàn mẹ́rin. Ó bu iyọ̀ ṣíbí tíì kan sí i, ó sì jù hóró mágí mẹ́rin sí i. Gíráàmù 5 àti 8, ó di 13. Bí a bá pín in sí mẹ́rin, ẹnì kọ̀ọ̀kan jẹ ju gíráàmù 3 lọ. Oúnjẹ alẹ́ nìkan ti gbé ju ìdajì iyọ̀ ọjọ́ náà lọ, a kò sì tíì ka ẹja oníyọ̀, irú tí wọ́n fi iyọ̀ pamọ́, àti káún tí àwọn kan ń fi sè ewédú. Káún náà ní sódíọ̀mù nínú.

4.2 Epo

Epo pupa jẹ́ ohun iyì ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọ̀ rẹ̀ sì ní èrè: ohun tí ó mú un pupa ni ara wa ń sọ di fítámì A, tí ojú nílò. Kò sí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù nínú rẹ̀, nítorí pé ara igi ni ó ti wá. Síbẹ̀, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tí ó ń mú kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ó ń dí iṣan pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ṣíbí ìjẹun kan epo pupa ní nǹkan bí gíráàmù 7 irú ọ̀rá yìí. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí irú ọ̀rá náà má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí a ń rí nínú oúnjẹ lọ. Fún ẹni tí ń jẹ kálórì 2000, ó jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 22. Ẹni tí ó bá jẹ ṣíbí mẹ́ta nínú ọbẹ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán fún ọjọ́ náà. Bí a bá wá yọ́ epo náà lórí iná títí tí ó fi funfun, a ti sun èrè inú àwọ̀ rẹ̀ nù, ọ̀rá rẹ̀ sì kù síbẹ̀.

Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kì í rántí ni pé ègúsí ní epo tirẹ̀. Nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n ègúsí gbígbẹ jẹ́ epo, púpọ̀ nínú epo náà sì jẹ́ irú èyí tí ọkàn fẹ́ ju ti epo pupa lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ti da ègúsí sínú ọbẹ̀, tí ó tún bu epo pupa kún un títí tí epo fi léfòó, epo lórí epo ni ó sè.

4.3 Ẹ̀fọ́, Ẹja àti Irú

Apá tí ọkàn fẹ́ràn jù nínú àwo wa nìyí. Tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewúro, gbúre, ebòlò àti ìṣápá kì í wọ́n wa lẹ́yìnkùlé ní ìgbà òjò. Wọ́n ní pọtásíọ̀mù, wọ́n ní okùn, kálórì wọn kò sì tó nǹkan. Ẹja ní ọ̀rá tí ó dára fún ọkàn ju ọ̀rá ẹran lọ. Irú tí a kò fi iyọ̀ pamọ́ lè fún ọbẹ̀ ní adùn tí yóò jẹ́ kí a dín iyọ̀ àti mágí kù. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé àwọn tí ó gbé ọbẹ̀ wa kalẹ̀ láyé àtijọ́ ti fi ohun tí ọkàn nílò sínú rẹ̀. Àwa ni a bu ẹ̀fọ́ kù, tí a bu epo kún un.

5.0 Ohun tí ó ti Yí Padà

Àwọn àgbà kan máa ń bèèrè pé bí iyán bá burú, báwo ni àwọn bàbá wa ṣe jẹ ẹ́ tí wọ́n fi dàgbà? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n ìdáhùn rẹ̀ pín sí ọ̀nà méjì.

Lọ́nà kìn-ín-ní, kò sí ẹni tí ó wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn bàbá wa. Àwọn tí ó ṣubú lójijì lóko, a ní ayé ni ó ṣe wọ́n. Kò yẹ kí a sọ ayé àtijọ́ di ọ̀run.

Lọ́nà kejì, ọjọ́ àwọn bàbá wa yàtọ̀ sí tiwa. Àgbẹ̀ tí ó jẹ iyán ní Ìsẹ̀ láyé àtijọ́ ti fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà oko lọ, ó ti kọ ebè, ó ti ru iṣu bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti pọn omi, ó ti ṣẹ́ igi, ó sì ti gún iyán náà kí ó tó jẹ ẹ́. Lóde òní, ọ̀kadà ni ó ń gbé ni lọ, ẹ̀rọ ni ó ń gún iyán ní ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ, àwọn mìíràn sì ń ro ìyẹ̀fun iyán inú ọ̀rá nínú ìkòkò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Olùkọ́ tí ó jókòó láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, tí ó jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n di alẹ́, ń jẹ àwo tí a bù fún ẹni tí ó kọ igba ebè. Iyán kò yí padà tó bí iṣẹ́ ṣe yí padà.

6.0 Ẹ̀rí Láti inú Ìwádìí

Ìwádìí mẹ́ta ni a ó fi ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Ní ọdún 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Wọ́n wo àwọn tí ó wà ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, àwọn tí ó wà ní erékùṣù Caribbean bíi Jàmáíkà, àti àwọn tí ó wà ní agbègbè Chicago ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Caribbean, àti 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n bí àìsàn náà ṣe ń pọ̀ sí i láti ibì kan dé èkejì bá ìyàtọ̀ inú sísanra àti ìwọ̀n sódíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù inú oúnjẹ mu. Ìyẹn ni pé ohun tí a bí mọ́ wa nìkan kò tó láti ṣàlàyé àìsàn yìí. Ohun tí a ń jẹ àti bí a ṣe ń gbé ayé ní ọwọ́ nínú rẹ̀.

Ní ọdún 1997 kan náà, wọ́n tẹ ìwádìí tí a mọ̀ sí DASH jáde ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 459 ni ó kópa. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ tí ó kún fún èso, ẹ̀fọ́ àti wàrà tí a ti dín ọ̀rá rẹ̀ kù, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, bí wọn kò tilẹ̀ dín iyọ̀ wọn kù. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 6.8 wálẹ̀ ju ti àwọn tí ń jẹ oúnjẹ Amẹ́ríkà bí wọ́n ṣe máa ń jẹ ẹ́ lọ. Ohun tí ẹ̀fọ́ lè ṣe nìyí, ẹ̀fọ́ sì ni ọ̀gá ọbẹ̀ wa.

Èyí tí ó súnmọ́ wa jù wá láti Tanzania, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2025. Ọkùnrin 77 tí ara wọn le ni ó kópa níbẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tí ó ti mọ́ra pẹ̀lú oúnjẹ ìbílẹ̀ agbègbè Kilimanjaro, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́, máa jẹ oúnjẹ irú ti àwọn aláwọ̀ funfun fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àwọn mìíràn sì ṣe ìdàkejì rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré, àmì ìgbóná ara tí ó so mọ́ àrùn ọkàn pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó fi oúnjẹ ilé sílẹ̀, ó sì dínkù lára àwọn tí ó padà sídìí rẹ̀. Wọn kò fi iyán ṣe ìwádìí yìí, a kò sì gbọdọ̀ sọ pé iyán ni wọ́n dán wò. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a pè ní oúnjẹ àwọn baba wa ni ó yẹ kí ilé ìwòsàn fi ọwọ́ òsì júwe.

7.0 Àwo Iyán tí Yóò Ṣe Ọkàn Lóore

Ìdáhùn sí ìbéèrè wa ni bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ètò. Èkínní, kí òkèlè kéré. Ìwọ̀n ìkúùkù ẹni, tàbí kí ó lé díẹ̀, ti tó fún ẹni tí kò ṣiṣẹ́ agbára. Èkejì, kí ẹ̀fọ́ inú àwo pọ̀ ju òkèlè lọ. Ẹ̀kẹta, kí a fi ṣíbí wọn epo sínú ìkòkò dípò kí a máa dà á láti inú ìgò. Bí ègúsí bá ti wà níbẹ̀, kí epo kéré sí i. Ẹ̀kẹrin, kí a yàn láàárín iyọ̀ àti mágí, kí a má lo méjèèjì pọ̀ yanturu, kí a sì jẹ́ kí irú, ata àti àlùbọ́sà ṣe iṣẹ́ adùn. Ẹ̀karùn-ún, kí ẹja tàbí ẹ̀wà máa gba ipò ẹran ọlọ́ràá. Ẹ̀kẹfà, kí a tètè jẹ oúnjẹ alẹ́, kí a sì fi ẹsẹ̀ rìn díẹ̀ kí a tó sùn.

Ìkìlọ̀ méjì wà níbí. Ètò oúnjẹ kì í rọ́pò oògùn. Ẹni tí dókítà bá kọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ó ti dín òkèlè kù. Bákan náà, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa lè má lè jẹ oúnjẹ tí ó kún fún pọtásíọ̀mù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó yí oúnjẹ rẹ̀ padà.

8.0 Ojúṣe Olùkọ́ Yorùbá

Àwọn kan lè bèèrè pé kí ni ó kan olùkọ́ Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ dókítà. Ó kàn án púpọ̀. Láti ọdún 1977 tí a ti dá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, èyí tí ó di yunifásítì ní ọdún 2020, ni àwọn olùkọ́ Yorùbá ti ń jáde níbẹ̀ lọ sí àwọn ilé-ìwé agbègbè wa. Àwọn ni wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ "Oúnjẹ Ilẹ̀ Yorùbá". Bí ẹ̀kọ́ náà bá parí sí pípe orúkọ oúnjẹ àti bí a ṣe ń sè é, a ti gbàgbé ìdajì rẹ̀. Ẹni tí ó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ lè ní kí àwọn ọmọ lọ ka iye ṣíbí iyọ̀ àti hóró mágí tí a fi se ọbẹ̀ nílé wọn, kí wọ́n pín in sí iye ènìyàn tí ó jẹ ẹ́, kí wọ́n sì kọ àròkọ lórí ohun tí wọ́n rí. Ó lè ní kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ìyá àgbà bí a ṣe ń se ọbẹ̀ kí mágí tó dé. Èdè, àṣà àti ìlera yóò pàdé nínú ẹ̀kọ́ kan.

Iṣẹ́ kejì jẹ́ ti ìtumọ̀. Nọ́ọ̀sì tí ó ní "ẹ fi iyán sílẹ̀" kò ní èrò ibi, ṣùgbọ́n gbólóhùn rẹ̀ kúrú jù. Àwa tí a kọ́ èdè ni ó yẹ kí a bá àwọn oníṣègùn ṣe àwọn gbólóhùn tí yóò wọ àgbàlagbà létí, tí kò ní bu ohun tí ó fẹ́ràn kù: "Bàbá, ẹ dín òkèlè kù, ẹ jẹ́ kí ìyàwó yín fi ẹ̀fọ́ kún un, ẹ ní kí wọ́n rọra pẹ̀lú iyọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí oògùn yín tán." Àgbà tí ó gbọ́ eléyìí yóò padà wá sí ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a máa ṣàlàyé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní èyí tí ń ru kì í pariwo, àyẹ̀wò nìkan ni ó lè fi í hàn.

9.0 Ìkádìí

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé iyán kò ní iyọ̀, kò ní ọ̀rá tí ó tó nǹkan, ó sì ní pọtásíọ̀mù tí iṣan fẹ́. A tún ti rí i pé sítáàṣì rẹ̀ pọ̀, ó ń yára dà, ó sì rọrùn láti jẹ jù. Iyọ̀, mágí àti epo inú ọbẹ̀ ni ó ń gbé ẹ̀sùn tí ó pọ̀ jù wá sórí rẹ̀, àìlo-ara sì ń bá a gbé e. Àwọn àgbà ní àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dé inú àwo. Ará Èkìtì kò nílò láti yàn láàárín iyán àti ẹ̀mí rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó yàn ni ìwọ̀n òkèlè àti irú ọbẹ̀ tí yóò fi jẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá sì ti pé ogójì ọdún, tí kò tíì wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ rí, kí ó lọ wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí iyán tí yóò jẹ lálẹ́ lè fi ọkàn rẹ̀ méjèèjì balẹ̀.